Oníbàárà mi gbé àdírẹ́sì ímeèlì 40,000 wá pé kí n fi ìpolówó ránṣẹ́ sí wọn: báwo ni n kò ṣe ní di oní-spam?

Aṣojú-Oníbàárà béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Èmi àti ẹnìkejì mi ni a jọ ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń bá wọn fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Oníbàárà mọ́kànlá ni a ní báyìí, sáfà kan ṣoṣo (ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́) àti àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo (nọ́ńbà tí a fi ń dá sáfà mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni gbogbo wọn sì ń lò. Títí di oṣù tó kọjá, a kò rí wàhálà kankan, nítorí pé àtòjọ orúkọ wọn kò pọ̀: èyí tó pọ̀ jù kò ju 1,200 lọ, àwọn tó ti ra ọjà rí tàbí tó forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn ló sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn gbé fáìlì kan wá tí àdírẹ́sì 40,000 wà nínú rẹ̀, ó ní kí a fi ìpolówó ọjà tuntun òun ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí ó ti rí orúkọ tó pọ̀ tó báyẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò gún. Ó ní òun kó apá kan níbi ìpàtẹ ọjà, òun ra apá kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta àtòjọ, àti pé apá tó kù ti wà lọ́wọ́ òun tipẹ́. Ó fi kún un pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí líǹkì ìyọkúrò bá ti wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè yọ orúkọ ara rẹ̀. Bí n kò bá ṣe é, ó ní òun yóò wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.

N kò fẹ́ pàdánù rẹ̀, torí pé ó ń sanwó déédéé, n kò sì fẹ́ di oní-spam, ẹni tó ń da ìdọ̀tí ìpolówó tí a kò béèrè sínú àpótí lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé òótọ́ ni pé líǹkì ìyọkúrò tó? Ṣé ọ̀nà wà tí a lè gbà ṣa orúkọ tó dára kúrò nínú fáìlì náà? Kí ni ó sì yẹ kí ó wà nínú àdéhùn èmi àti àwọn oníbàárà mi, kí irú èyí má baà wáyé mọ́?

Atọ́jú-Sáfà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí pé lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń tọ́jú sáfà.

Líǹkì ìyọkúrò kò tó. Dandan ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó gbà kí ilé-iṣẹ́ kan máa kọ̀wé sí òun, ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ni ó gbà fún, lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ. Ẹni tó ta àtòjọ fún oníbàárà yín lè ta àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n kò ní ìyọ̀ǹda kankan tí ó lè tà, nítorí ọwọ́ ẹni tó ni àpótí lẹ́tà ni ìyọ̀ǹda wà. Bí ẹ bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó tẹ líǹkì kí ẹ tó lè fi í lọ́rùn sílẹ̀, ẹ ti gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, òun náà kì í sì í sábà ṣe é. Bọ́tìnnì spam tó wà lókè lẹ́tà yá a lára ju líǹkì tó wà nísàlẹ̀ lọ.

Bọ́tìnnì yẹn ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́ pé kí ẹ̀sùn spam lórí wọn má ṣe dé 0.3%, Google tilẹ̀ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ó wà lábẹ́ 0.1%. Ìyẹn ni pé nínú lẹ́tà 1,000 tó wọlé, bí ènìyàn 3 péré bá tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ ti kọsẹ̀. Ẹni tó bá ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn àdírẹ́sì Gmail lójúmọ́ ni Google kà sí ẹni tó ń fi púpọ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí oníbàárà yín ń béèrè yìí sì lè sọ yín dà bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀sùn tó kéré tàn yín jẹ. Kò sí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì spam lórí lẹ́tà tó ti wà nínú fódà spam tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń yọ̀ pé ẹ̀sùn òun ti lọ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kò dé iwájú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ewu kejì kò ní ariwo rárá. Àwọn tó ń ṣọ́ ímeèlì káàkiri ayé, bíi Spamhaus tó ti wà láti ọdún 1998, máa ń lo àwọn àdírẹ́sì tó jẹ́ pàkúté. Àwọn kan nínú wọn kò fìgbà kankan jẹ́ ti ènìyàn. Ńṣe ni a fi wọ́n pamọ́ sínú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ tó ń ṣa àdírẹ́sì kiri lè gbé wọn mì. Àwọn mìíràn ti jẹ́ ti ènìyàn rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni wọ́n ti pa wọ́n tì, wọ́n sì ti ń dá lẹ́tà padà fún ìgbà pípẹ́ kí a tó sọ wọ́n di pàkúté. Pàkúté irú àkọ́kọ́ kò lè béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, nítorí náà lẹ́tà tó bá bá a nílé jẹ́rìí sí i pé ẹni tó kọ ọ́ ra àtòjọ ni, tàbí pé ó ṣa á jọ láìbéèrè. Àwọn tó ń gbowó láti “fọ” àtòjọ mọ́ kò lè gbà yín níbẹ̀. Ohun tí wọ́n lè sọ fún yín ni bóyá àdírẹ́sì kan ń gba lẹ́tà. Pàkúté ń gba lẹ́tà, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yín rí náà sì ń gba lẹ́tà.

Nítorí pé IP kan náà ni oníbàárà mọ́kànlá ń lò, ẹ rántí pé ìka kan tó tọ́ epo ni í ran ìka yòókù. Àwọn mẹ́wàá tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Ní ti ṣíṣa orúkọ, ẹ má wo àdírẹ́sì, ẹ wo ìtàn rẹ̀. Fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí oníbàárà yín lè sọ ọjọ́ tí ó gbà á, ibi tí ó ti gbà á, àti ohun tí a sọ fún ẹni náà nígbà tí ó fi í sílẹ̀. Èyí tí ó rà, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ti ìpàtẹ ọjà nílò àyẹ̀wò: bí ó bá jẹ́ ìwé tí a kọ “mo fẹ́ máa gba ìròyìn yín” sí lórí, tí ènìyàn sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, ó dára, bí ó bá jẹ́ káàdì tí wọ́n jù sínú àpótí nítorí àtidíje fún ẹ̀bùn, ẹ̀bùn ni wọ́n ń wá, wọn kò béèrè ìpolówó. Ní ti èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, ẹ fi wé ìwé ìtajà rẹ̀, kí ẹ sì mú àwọn tó rà nǹkan láìpẹ́ yìí nìkan.

Ẹnìkan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí gbogbo àwọn 40,000 láti bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ẹ má ṣe é. Lẹ́tà yẹn gan-an ni spam, ohun kan náà tí ìpolówó ì bá ṣe sí yín ni òun náà yóò ṣe.

Mo-Ti-Ṣe-É-Rí dáhùn pé:

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí pé èmi náà wà níbi tí ẹ wà yìí nígbà kan, mo sì ṣe ohun tí oníbàárà sọ.

Àtòjọ tèmi kò tilẹ̀ tó ti yín, 18,000 ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a fi ránṣẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, èyí tó ju 4,000 lọ ti padà wá pẹ̀lú kóòdù 550, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti dá a dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìdọ̀tí àtijọ́ ni ó ń jáde, pé yóò mọ́ bó bá yá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, orúkọ IP wa ti wà lórí àtòjọ ìdènà, ìyẹn àtòjọ àwọn tí a kì í gba lẹ́tà wọn wọlé. Ní ọjọ́ Ajé ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó, nítorí pé oníbàárà mìíràn pè mí pé àwọn tó ń sanwó fún òun kò rí ìwé-ẹ̀rí owó wọn gbà, òmíràn ní kóòdù tí àwọn ènìyàn ń retí láti fi yí ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé wọn padà kò dé. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe ìpolówó rárá. Ohun tí ènìyàn jókòó tì kọ̀ǹpútà tí ó ń dúró dè ni.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí àwọn tó ni àtòjọ ìdènà náà, mo tọrọ àforíjì lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọn kò béèrè àforíjì. Wọ́n béèrè ohun tí mo ti yí padà, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí lẹ́tà wa tó máa wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, oníbàárà mẹ́ta tí kò ṣẹ̀ wá sì ti kúrò lọ́dọ̀ wa kí ó tó dìgbà náà.

Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní ni èsì tí obìnrin kan kọ. Ó ní ẹni tí a dárúkọ nínú lẹ́tà náà, tí a ń kí pẹ̀lú ẹ̀dínwó pàtàkì, ni ọkọ òun tó ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó fún wa ní orúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n, n kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Olùpolówó dáhùn pé:

Mo kẹ́dùn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ̀yin àgbà ń le jù. Òfin Amẹ́ríkà kò sọ pé dandan ni kí a kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Ohun tí ó béèrè ni pé kí orúkọ afiránṣẹ́ àti àkọlé lẹ́tà jẹ́ òótọ́, kí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ sì lè yọ ọ́. Báwo ni ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, bí kò bá lè kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni àyàfi àwọn tó ti mọ̀ ọ́n?

Atọ́jú-Sáfà dáhùn pé:

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa òfin yẹn. CAN-SPAM ni wọ́n ń pè é, ọdún 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì béèrè ìyọ̀ǹda ṣáájú. Ó fún afiránṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti yọ orúkọ ẹni tó bá ní kí a yọ òun. Ṣùgbọ́n òfin kan náà lè mú ẹni tó ni ọjà àti ẹni tó bá a fi lẹ́tà ránṣẹ́ pọ̀, nítorí náà ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí kò lè fi oníbàárà rẹ̀ ṣe ààbò. Bákan náà, kò sí ẹni tó lè sọ orílẹ̀-èdè tí àwọn 40,000 yẹn ń gbé. Òfin Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2014 béèrè ìyọ̀ǹda. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2002 béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ènìyàn lásán, òfin GDPR, èyí tí Yúróòpù fi ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, sì ní kí ẹni tó bá sọ pé òun gba ìyọ̀ǹda lè fi ẹ̀rí hàn. Àpótí kékeré inú fọ́ọ̀mù tí a ti máàkì sílẹ̀ de ènìyàn kò sì jẹ́ ẹ̀rí. Àyè díẹ̀ tí ìlànà ọdún 2002 fi sílẹ̀ ni ti ẹni tó ti ra ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́: wọ́n lè polówó irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún un, bí wọ́n bá fún un láǹfààní láti kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n gba àdírẹ́sì rẹ̀ àti nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tó ni ilẹ̀kùn ló ń ṣí i. Gmail kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àtigba lẹ́tà rẹ̀ wọlé, bí lẹ́tà náà tilẹ̀ bá òfin mu. Amazon SES, iṣẹ́ tí Amazon fi ń bá ènìyàn fi ímeèlì ránṣẹ́, lè dá àkáǹtì dúró bí lẹ́tà tó ń padà wá bá dé 10%, tàbí bí ẹ̀sùn bá dé 0.5%, kò sì ní bi yín léèrè òfin orílẹ̀-èdè wo ni ẹ ń tẹ̀lé.

Ní ti bí ilé-iṣẹ́ tuntun yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ènìyàn tuntun, ìbéèrè gidi nìyẹn. Kí ó san owó fún ẹni tí àwọn ènìyàn ti gbà láti máa ka lẹ́tà rẹ̀, kí ẹni yẹn fi orúkọ ara rẹ̀ polówó rẹ̀ nínú lẹ́tà tirẹ̀. Ẹni tó bá wù yóò tẹ líǹkì, yóò forúkọ sílẹ̀. Àtòjọ kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kò sì sí ẹni tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ àjèjì.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè, torí pé ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ìbáà gba iṣẹ́ náà tàbí kó kọ̀ ọ́. Kí ẹ̀ka dòméènì oníbàárà kọ̀ọ̀kan (orúkọ tí a yọ lára orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀) ni ó máa fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú DKIM (àmì ìfọwọ́sí tó ń fi hàn pé lẹ́tà ti wá láti dòméènì náà), kí SPF (àtòjọ IP tó ní àṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ náà) àti DMARC (ìlànà tó ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tó bá kùnà àyẹ̀wò) sì wà níbẹ̀, kí orúkọ rere tàbí búburú lè máa tẹ̀lé ẹni tó ni ín. Kí ìwé-ẹ̀rí owó àti kóòdù má ṣe gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìpolówó. Kí ìyọkúrò jẹ́ títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí RFC 8058, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, ti ṣàlàyé rẹ̀: àpótí lẹ́tà ni yóò fi ìbéèrè POST (irú èyí tí ṣíṣí líǹkì lásán kì í fi ránṣẹ́) ránṣẹ́ sí sáfà yín. POST ni wọ́n yàn nítorí pé àwọn ẹ̀rọ ààbò máa ń ṣí gbogbo líǹkì inú lẹ́tà láti yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì jẹ́ pé ṣíṣí lásán ti tó, wọn yóò máa yọ orúkọ ẹni tí kò sọ pé òun fẹ́ kúrò. Google àti Yahoo fẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣẹ láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹni tó bá sì kúrò, ẹ má ṣe pa àdírẹ́sì rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ẹ fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí a kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí fún oníbàárà yẹn mọ́. Lóṣù tó ń bọ̀, oníbàárà yín yóò tún gbé fáìlì àtijọ́ wá, àkọsílẹ̀ yìí nìkan ni yóò sì rántí pé ẹni náà ti ní òun kò fẹ́.

Akọ̀wé-Àdéhùn dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ àdéhùn nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé oníbàárà ni yóò sọ orísun gbogbo orúkọ tí ó bá gbé wá, pé ẹ kì í gba àtòjọ tí a rà tàbí tí a yá, àti pé ẹ lè dá ìfiránṣẹ́ dúró láàárín iṣẹ́ láì kọ́kọ́ gbàṣẹ, bí ẹ̀sùn tàbí lẹ́tà tó ń padà wá bá ti kọjá iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì jù, torí pé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò sí àkókò ìjíròrò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ṣe é rí ti sọ fún wa.

Mo fẹ́ kí ẹ yẹ owó tí ẹ ń gbà wò pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé iye lẹ́tà ni ẹ fi ń ṣírò owó yín, ẹ̀yin náà ń jèrè bí àtòjọ bá ṣe ń wú sí i, yóò sì ṣòro fún yín láti sọ fún oníbàárà pé kí ó gé e kù. Ẹ gba owó lórí iṣẹ́ tí ẹ ṣe lóṣù. Láti ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń rọ àwọn oníbàárà mi tọkàntọkàn pé kí wọ́n yọ ẹni tí kò tẹ líǹkì kankan, tí kò sì ra nǹkan kan fún ọdún kan. Ẹ má fi ṣíṣí lẹ́tà ṣe òṣùwọ̀n, torí pé láti ọdún 2021 ni ètò ìpamọ́ Apple Mail ti lè gbé àwòrán inú lẹ́tà wá ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kà á, yóò sì dà bíi pé a ti ṣí i.

Aṣojú-Oníbàárà padà wá, ó ní:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo jókòó pẹ̀lú oníbàárà náà lánàá, a sì yẹ fáìlì náà wò papọ̀ pẹ̀lú ìwé ìtajà rẹ̀. Nínú 40,000, àwọn 2,300 ni a rí tí wọ́n ti ra nǹkan láàárín ọdún méjì. Ìwé ìpàtẹ ọjà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ 410, a sì kọ ọ́ sí orí rẹ̀ ní gbangba pé ìròyìn ni wọ́n ń béèrè. Mo sọ fún un pé àwọn wọ̀nyí nìkan ni èmi yóò kọ̀wé sí, láti orí ẹ̀ka dòméènì tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, àwọn tó rà nǹkan láìpẹ́ jù lọ ni yóò sì ṣáájú. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn tuntun.

Ohun tó ṣì ń kọ mí lóminú ni pé ó mú fáìlì tó kù lọ, ó ní òun mọ ẹnìkan tí yóò bá òun fi ránṣẹ́. Bí ẹni yẹn bá lo orúkọ dòméènì kan náà, ṣé kò ní ba iṣẹ́ tèmi jẹ́?

Atọ́jú-Sáfà dáhùn pé:

Yóò bà á jẹ́, torí pé ẹ̀ka dòméènì kì í dá wà pátápátá kúrò lára dòméènì tí ó ti yọ. Ẹ ní kí ìròyìn DMARC ti dòméènì náà máa wá sọ́dọ̀ yín. Lójoojúmọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba ímeèlì máa ń fi í ránṣẹ́, àwọn IP tó ń lo orúkọ náà àti iye lẹ́tà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí oníbàárà yín lónìí, kì í ṣe lórí fóònù, kí ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá rí IP tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ óò dá ìfiránṣẹ́ sí àwọn 2,710 náà (2,300 àti 410) dúró títí tí ìyẹn yóò fi kúrò.